Písítìn Tó Kọjú sí Awakọ̀

Nínú gbogbo ohun tí Ẹlẹ́dàá fi jíǹkí ọkùnrin, kò sí èyí tó níyì tó orí tó ń mì níwájú ẹ́ńjìnnì. Ẹ wo ọkùnrin náà bó ṣe dúró: ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó wo inú ọkọ̀ tí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀, ó dákẹ́ bí adájọ́, lẹ́yìn náà ó rọra mi orí sókè sódò. Kò sọ nǹkan kan. Kò mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àlàáfíà ti sọ̀kalẹ̀ sórí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló wà nínú ìṣòro yìí. Mẹkáníìkì mọ̀ pé ojú kan ń ṣọ́ òun. Ìyàwó tó jókòó sínú ọkọ̀ ń wo ọkọ rẹ̀, ó sì ń dúpẹ́ pé òun fẹ́ ẹni tó mọ nǹkan. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn rán ènìyàn lọ sínú òṣùpá. Àwa mi orí, ọkọ̀ wa sì ń lọ, bó pẹ́ bó yá.

Mo ti pẹ́ ní Ìlú Benin tó láti mọ orí kan yàtọ̀ sí èkejì. Òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń mi tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ kí fáìlì náà kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn kọjá. Òṣìṣẹ́ báńkì máa ń yára mi tirẹ̀, kí èrò tó wà lẹ́yìn lè bọ́ síwájú. Ti àwa tí a lọ yunifásítì ló wúwo jù, nítorí a máa ń fi “hùn-ún” kan tì í lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n n kò rí ibi tí gbogbo wọn ti péjọ rí, àfi ní àgbàlá aládùúgbò mi kan ní Uwasota, nígbà tó ra jíìpù sójà.

Bọ̀dá ni mo ń pe aládùúgbò náà, nítorí ó jù mí lọ, ó sì jẹ́ Ìjẹ̀ṣà tí kì í jẹ́ kí ènìyàn gbàgbé iye tó fi jù ú lọ. Báńkì ló ti bá ṣiṣẹ́ láti ìgbà tó ti kúrò níléèwé. Iṣẹ́ náà ló gbé e kúrò nílé, ló gbé e wá sí Benin, ló sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú kéèkì kan, wọ́n fún un ní aago ògiri, wọ́n sì ní kó máa lọ sinmi. Ọkùnrin tó ti ń jí ní ìdájí láti ìgbà èwe kò mọ bí wọ́n ṣe ń sinmi. Ó gbá àgbàlá títí ilẹ̀ pupa fi bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Ó fọ jẹnẹrétọ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ. Ó to àwọn ìkòkò ìyàwó rẹ̀ bí wọ́n ṣe ga sí, èyí sì dá wàhálà tó lé e jáde nílé lọ́jọ́ kan. Ó rìn títí ó fi dé Ogida. Ibẹ̀ ló ti rí jíìpù náà.

Adìẹ ló ń gbé inú rẹ̀. Ó jẹ́ irú jíìpù tí àwọn sójà ń gùn láyé àtijọ́, tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ kìkì igun, bí ẹni pé ẹni tó ya àwòrán rẹ̀ kò ní ju rúlà kan lọ lọ́wọ́. Ẹni tó ni ín ti fi wáyà yí i ká, àgbébọ̀ kan sì ń sàba lórí ìjókòó awakọ̀. Lábẹ́ ìpẹtà àti ìgbẹ́ adìẹ, àwọ̀ ewé àwọn sójà ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó ni adìẹ sọ pé irin lásán lòun ń tà. Bọ̀dá sọ pé ìtàn lòun ń rà. Oníkálukú lọ sílé pẹ̀lú èrò pé òun ló rẹ́ ẹnì kejì jẹ.

Nígbà tí ọkọ̀ tó gbé jíìpù náà wá sọ ọ́ kalẹ̀ sí àárín àgbàlá, ìyàwó Bọ̀dá jáde sí fàráńdà. Olùkọ́ ìṣirò ni obìnrin náà ní iléèwé girama kan. Ó yí jíìpù náà ká lẹ́ẹ̀kan, ó wo ibi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yẹ kó wà, tí kò sí níbẹ̀, ó sì bèèrè ohun kan ṣoṣo: ibo ni àwọn adìẹ náà ń gbé báyìí.

Mo bá Bọ̀dá níbi tó ti ń fi ọ̀bẹ ha ìgbẹ́ adìẹ kúrò lára ìdarí ọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi í ṣe. Ó nu ọ̀bẹ náà mọ́ ṣòkòtò rẹ̀.

“Àbúrò, iṣẹ́ báńkì kì í parí,” ó ní. “Ìwé tí o bá pa dé lónìí, o ó tún ṣí i lọ́la. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń ṣí ìwé. Mo fẹ́ ṣe nǹkan kan, ẹyọ kan péré, tí màá lè sọ pé ó parí.”

Mo sọ fún un pé èmi náà kò tíì parí nǹkan kan rí. Ó ní ìyẹn hàn lára mi.

Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti Bọ̀dá nìkan ni, à bá wà lórí jíìpù náà títí di òní. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ugbor, mú orúkọ ọ̀dọ́kùnrin kan wálé, àwọn ẹbí ọ̀dọ́kùnrin náà sì ránṣẹ́ láti Adó-Èkìtì pé àwọn ń bọ̀ wá mọ ilé lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Àgbàlá kan ṣoṣo ló wà. Ibi tí àga àwọn àna yóò wà ni jíìpù náà jókòó sí. Ìyàwó Bọ̀dá kò pariwo. Olùkọ́ ìṣirò kì í pariwo. Ìdáhùn ló máa ń sọ, á sì fa ìlà sí i nídìí.

“Dádì,” ó ní, “tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde ní géètì yìí kí wọ́n tó dé, tiyín ni títí ayé, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Tí kò bá lè jáde, màá pe àwọn oní-kọ́ńdẹ́ẹ̀mù.”

Àwọn oní-kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ni àwọn tó máa ń ti ọmọlanke káàkiri àdúgbò, tí wọ́n ń ra ògbólógbòó irin. Ayùn ni wọ́n fi ń gé ọkọ̀ sí wẹ́wẹ́. Bọ̀dá mọ̀ pé ìyàwó òun ti gba nọ́ńbà fóònù wọn sílẹ̀.

Báyìí ni iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Ara ọkọ̀ kò le púpọ̀. Àwọn tó ń lu páànù ọkọ̀ wá, wọ́n lù ú, wọ́n kùn ún, Bọ̀dá wá ẹsẹ̀ mẹ́rin fún un, ó sì tún di sójà. Ẹ́ńjìnnì ni ìṣòro. Adìẹ kò gbé inú rẹ̀, ṣùgbọ́n omi òjò gbé ibẹ̀. A fi ṣéènì gbé e sókè lábẹ́ igi máńgòrò, a sì tò ó sórí tábìlì ìjẹun àtijọ́ kan lórí fàráńdà. Bọ̀dá tú u palẹ̀ pátápátá. Àwọn tó ń gbẹ́ sílíńdà gbà á lọ́wọ́ wa, wọ́n sì dá a dúró títí iná fi dé. Ní Evbareke, níbi tí wọ́n ti ń ta gbogbo ohun tó wà nínú ọkọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tí Bọ̀dá gbé písítìn àtijọ́ rẹ̀ jáde. Ọ̀kan nínú wọn ló ṣàánú rẹ̀, tó bá a kọ̀wé sí òkè òkun. Písítìn tuntun mẹ́rin ló dé, pẹ̀lú rínǹgì àti fáàfù wọn, nínú páálí kan tí Bọ̀dá gbé sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ẹni tó bá a rà wọ́n ti kìlọ̀ pé kò sí òmíràn mọ́ níbi tí ìyẹn ti wá.

Àwọn ọkùnrin ìjọ wa àti ti ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá máa ń wá ràn án lọ́wọ́ ní Sátidé. Akọ̀wé àgbà kan wà nínú wọn, ní ilé iṣẹ́ ìjọba. Ọ̀kan ṣì wà ní báńkì, ó sì máa ń wo Bọ̀dá bí ẹni tó ń wo ọjọ́ iwájú ara rẹ̀. Èmi ni mo ń ka ìwé. Bọ̀dá ti wa ìwé àtúnṣe ọkọ̀ náà jáde láti inú ẹ̀rọ ayélujára, ó sì ti tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, wọ́n ní kí èmi tí mo lọ yunifásítì máa kà á sétí wọn. Lítíréṣọ̀ ni mo kọ́ níbẹ̀, tí kò tíì tún kábúrétọ̀ ẹnikẹ́ni ṣe rí, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn gbà pé ìwé ni ìwé.

Lékè gbogbo wa ni Bàbá wà. Bàbá ló dàgbà jù nínú ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ládùúgbò wa. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, ilé rẹ̀ kò sì ju títì kejì lọ. Ó ti bá àwọn sójà ṣiṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀. Iṣẹ́ wo gan-an, kò sẹ́ni tó bèèrè. Kì í ṣe Sátidé nìkan ló máa ń wá. Bí ìrì bá ti gbẹ, Bàbá ti dé, yóò jókòó sórí àga rọ́bà lábẹ́ igi máńgòrò, kò sì ní dìde títí oòrùn yóò fi wọ̀. Òun náà ni yóò gbẹnu sọ fún ẹbí Bọ̀dá lọ́jọ́ tí àwọn àna bá dé. Nítorí náà, ọ̀wọ̀ tiwa fún un jẹ́ ìlọ́po méjì: ti ọjọ́ orí, àti ti ìgbéyàwó.

Sátidé tí a fẹ́ fi písítìn sínú ẹ́ńjìnnì, gbogbo wa wà níbẹ̀. Mo ní láti ṣàlàyé nǹkan kékeré kan. Orí písítìn kọ̀ọ̀kan, irin tó ń lọ sókè sódò nínú sílíńdà, ní àmì ọfà kan. Ìwé sọ pé iwájú ẹ́ńjìnnì ni ọfà náà gbọ́dọ̀ kọjú sí, níbi tí fáànù wà, nítorí wọ́n gé orí písítìn náà ní ẹ̀gbẹ́ kan kí fáàfù tó ń ṣí sínú sílíńdà lè ráyè sọ̀kalẹ̀. Bọ̀dá ti fi méjì wọlé bẹ́ẹ̀. Bàbá wá dìde lórí àga rẹ̀, ohun tí kì í sábà ṣe, ó sì sún mọ́ tábìlì.

“Ọfà yẹn,” Bàbá ní, “ta ló kọjú sí?”

“Iwájú ni, sà,” Bọ̀dá dáhùn. “Ọ̀dọ̀ fáànù.”

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò ní ìkà nínú. Ó jọ èyí tí wọ́n fi ń wo ọmọ tó wọ bàtà òdì. “Fáànù ló ń wakọ̀ ni? Ọmọ mi, nínú iṣẹ́ sójà, ọ̀gá ni gbogbo nǹkan ń jábọ̀ fún. Ta ni ọ̀gá nínú ọkọ̀? Awakọ̀ ni. Yí i kó kọjú sí awakọ̀.”

Àwọn tó ń kọ̀wé nípa Yorùbá máa ń sọ pé èdè wa kún fún ọgbọ́n. Òótọ́ ni, pàápàá tó bá kan kí ènìyàn má sọ ohun tó mọ̀. A kò lè sọ fún àgbàlagbà pé ohun tó wí kò rí bẹ́ẹ̀. A lè sọ pé, “Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, sà.” A lè sọ pé, “Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó.” Akọ̀wé àgbà sọ pé Bàbá ti sọ̀rọ̀. Ará báńkì sọ pé ìrírí ni, ìrírí ni. Bọ̀dá wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwé wà ní ṣíṣí, orí sì ń mì yíká tábìlì náà bí ewé nígbà ọyẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lọ́jọ́ yẹn àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì wọ́.

Bọ̀dá yọ àwọn tó ti fi sínú rẹ̀, ó yí wọn padà.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé ẹ́ńjìnnì náà padà sínú jíìpù. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní irin kan tí wọ́n máa ń kì bọ iwájú rẹ̀ láti fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì. Bọ̀dá ki irin náà bọ̀ ọ́, ó yí i. Ó lọ díẹ̀, ó sì dúró, kọ́, bí ẹni tó fi orí gbá ògiri nínú òkùnkùn. Ó tún yí i padà sẹ́yìn, ó tún gbá a. Akọ̀wé àgbà ní ó lè jẹ́ pé ọ́ìlì tó wà nínú rẹ̀ ti ki jù. Ará báńkì ní nǹkan tuntun ni, nǹkan tuntun sì máa ń fún. Bàbá kò jiyàn pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Ó ní ọwọ́ ènìyàn kò lè pàṣẹ fún ọkọ̀ sójà, kí a wá bátìrì tó lágbára, kí a sì fi sítátà fi ipá yí i.

“Mo fẹ́ wà níbẹ̀ fúnra mi,” ó ní. “Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án kí n tó dé.”

Sátidé tó ń bọ̀ náà ni èyí tó kẹ́yìn kí àwọn ará Adó-Èkìtì tó dé.

Bọ̀dá mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Fáàfù ń sọ̀kalẹ̀, ibi tí wọ́n gé fún un lórí písítìn sì ti wà ní ẹ̀yìn. Bí sítátà bá fi ipá yí i, fáàfù yóò tẹ̀, kò sì sí òmíràn láyé yìí tó lè dé kí àwọn àna tó dé. Ohun tí yóò kàn ni ayùn. À bá tú u ṣe láàárín ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni Bàbá wà lábẹ́ máńgòrò, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára jíìpù náà. Nígbà tí Bàbá bá lọ sílé, ilẹ̀ á ti ṣú, iná kì í sì í sí; bí a bá sì tan jẹnẹrétọ̀, Bàbá á gbọ́ ọ láti títì kejì.

Bọ̀dá gbìyànjú. Ní ọjọ́ Túsìdeè, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú àga rọ́bà náà ju bó ṣe ń dọ̀bálẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ, ó ní òun kàn fẹ́ rán Bàbá létí ọ̀rọ̀ ọfà yẹn. Bàbá bi í bóyá òun ló bá sójà ṣiṣẹ́ ni àbí Bàbá. Bọ̀dá ní Bàbá ni. Bàbá ní ó tán. Bọ̀dá dìde, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò láyà rẹ̀, ó sì lọ fọ jẹnẹrétọ̀.

Mo lọ sọ́dọ̀ wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Oúnjẹ wà níwájú Bọ̀dá, kò fọwọ́ kàn án. Ìyàwó rẹ̀ ń máàkì ìwé ìdánwò ní òdìkejì tábìlì. Láìgbé ojú sókè, ó bèèrè ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà gan-an. Bọ̀dá fi ife kan ṣe sílíńdà, ó fi ìdérí ìgò ṣe písítìn, ó gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, ó fi ṣíbí ṣe fáàfù. Obìnrin náà wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó mú ìdérí náà, ó yí i padà, ó sì gbé e kalẹ̀.

“Ìyẹn nìkan?” ó ní.

Bọ̀dá ní ìyẹn nìkan ni.

“Báwo ló ṣe máa pẹ́ tó, tí ẹnikẹ́ni ò bá wò yín?”

Bọ̀dá ní bí a bá bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, tí gbogbo ọwọ́ sì pé, a lè parí rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ìyàwó rẹ̀ fa pupa sí ìdáhùn ọmọ kan. Mo ń wojú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ìṣubú jíìpù náà ṣe láǹfààní tó o; ohun tó yẹ kó ṣe kò ju kó dákẹ́ lọ, àgbàlá rẹ̀ yóò sì padà di tirẹ̀. Ó máàkì ìwé mìíràn tán kó tó sọ̀rọ̀.

“Ọmọ yín ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí àna,” ó ní.

Ọkọ rẹ̀ rò pé ó ti yí ọ̀rọ̀ padà ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé, bátìrì ti wà nílẹ̀, Bàbá sì ti wọ fìlà tó máa ń dé fún ìpàdé ẹgbẹ́. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ìyàwó Bọ̀dá jáde, ó kúnlẹ̀ níwájú àga rọ́bà náà, ìkúnlẹ̀ tí n kò rí kó kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní òun wá bẹ Bàbá. Ó ní Benin ni wọ́n bí ọmọ òun sí, ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fi Yorùbá kí i, Pidgin ló máa fi ń dáhùn. Ó ní bí ọmọ náà bá lọ sọ “good afternoon” fún ìyá ọkọ rẹ̀ láti Adó-Èkìtì, ojú ta ni yóò tì? Kì í ṣe ojú òun, òun kò ju obìnrin lọ. Ojú ẹni tó bá gbẹnu sọ fún ẹbí ni.

Bàbá wo jíìpù. Ó wo obìnrin tó wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo rí i pé ó ṣòro fún un.

“Iṣẹ́ ńlá nìyí o,” ó ní.

“Ẹ̀yin nìkan lẹ lè ṣe é, sà. Pálọ̀ ẹ̀yìn dákẹ́ rọ́rọ́. Mo ti gún iyán sílẹ̀.”

Bàbá dìde. Ó kìlọ̀ fún wa pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan sítátà. A ṣèlérí fún un, a kò sì fọwọ́ kàn án.

N kò tíì rí kí wọ́n ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì bẹ́ẹ̀ rí. A fi àkísà wé orí sípánà. Kò sẹ́ni tó lo òòlù. Bọ̀dá wà nísàlẹ̀ ọkọ̀, ọ́ìlì ń dà sí i láyà, ó ń ti písítìn sókè. Akọ̀wé àgbà wà lókè, ó ń gbà wọ́n bí agbẹ̀bí. Ará báńkì ń nu wọ́n, ó ń tò wọ́n sórí bébà bí wọ́n ṣe wà, kí ti èkíní má lọ sí ti ẹ̀kẹta. Láti pálọ̀ ẹ̀yìn, a ń gbọ́ ohùn Bàbá.

“Ẹ káàbọ̀, mà. Ṣé àlàáfíà lẹ dé? Ó yá, sọ ọ́. Kúnlẹ̀ kó o tó sọ ọ́.”

Ọmọ náà á sọ ìlàjì rẹ̀, á sì fi Pidgin parí rẹ̀. Bàbá á ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí mo mọ̀ yẹn, tó ń fi Yorùbá bá àwọn oníbàárà láti Ìlọrin sọ̀rọ̀ ní ibi iṣẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, wá di òpè tí kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ìyá rẹ̀ ti bá a sọ̀rọ̀ pé kó má tètè mọ̀ ọ́n. Lẹ́ẹ̀kan, ó jáde wá bu omi, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ń ra orúnkún rẹ̀.

“Una never finish?” ó ní. “I don kneel tire. And Grandpa say na boots e dey share for army o. Na store e dey.”

Bàtà ni Bàbá ń pín fún àwọn sójà. Yàrá ẹrù ló ti ṣiṣẹ́. Akọ̀wé àgbà fi àkísà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bo ẹnu, ó sì jẹ́ àkísà tó kún fún ọ́ìlì. Lábẹ́ ọkọ̀, a gbọ́ tí Bọ̀dá mí kanlẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní kí ẹnì kan na písítìn ẹ̀kẹrin sí òun.

A ní gásíkẹ́ẹ̀tì kejì nínú páálí, ohun tó ń dí abẹ́ orí ẹ́ńjìnnì, tí wọn kì í lò lẹ́ẹ̀mejì; ìyẹn ló gbà wá. Wọ́n dì í padà, wọ́n fún àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀ bí ìwé ṣe là á sílẹ̀, láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́. Bọ̀dá ki irin bọ iwájú, ó yí i. Ó yí. Ó tún yí i, ó lọ yíká láìgbá nǹkan kan. Bọ̀dá yọ irin náà, ó gbé e kalẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ lára táyà.

Oòrùn ti ń lọ nígbà tí Bàbá jáde. Iyán ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lára rẹ̀. Ó ní ọmọ náà ti mọ̀ ọ́n báyìí, pé orí rẹ̀ le díẹ̀ ní àárọ̀ ni. Ó wo síńgílẹ́ẹ̀tì Bọ̀dá, tó ti di dúdú.

“Kí ló kùn ẹ́ báyìí?”

“À ń nu ọkọ̀ ni, sà.”

“Ó dáa. Ṣíná ọkọ̀ náà.”

Bọ̀dá gun orí ìjókòó tí adìẹ ti sàba sí rí. Ó tẹ sítátà. Ẹ́ńjìnnì náà wúkọ́, ó tu èéfín funfun tó bo géètì, ó kú. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dàrú díẹ̀, lẹ́yìn náà ó rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ohùn kan tó nípọn, tí kò kánjú. Ìyàwó Bọ̀dá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, bírò pupa ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Bọ̀dá fi ọkọ̀ sí jíà, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kúlọ́ọ̀ṣì, jíìpù náà fò díẹ̀, ó sì rọra gba géètì jáde, ó gba orí kòtò tó wà níwájú ilé kọjá, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri àwọn ará ilé kejì. Ẹnì kan tó ń kọjá fi èdè Ẹ̀dó kí i, “kóyo.” Bọ̀dá pa ẹ́ńjìnnì. Ó jókòó síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí ìdarí, kò wo ibì kan.

Ìyàwó rẹ̀ rìn dé géètì.

“Ó parí?” ó bi í.

“Ó parí,” Bọ̀dá ní.

Obìnrin náà wo àgbàlá tó ṣófo lẹ́yìn rẹ̀, ó wo jíìpù. Ó ní kó má gbé e lọ síbòmíràn. Ó ní kó fi í síbẹ̀, kí àwọn àna lè fi mọ ilé.

Bàbá ti yí padà sí àwa tó kù lábẹ́ máńgòrò. Inú rẹ̀ dùn, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ bíi ti ọmọdé. “Ṣé ẹ rí i? Ká ní a ti jẹ́ kí ọfà yẹn kọjú sí fáànù ńkọ́?”

“Ìyọnu gidi ni, sà,” Akọ̀wé àgbà ní, ọ́ìlì ṣì wà ní ètè rẹ̀.

“Ìyọnu gidi,” ará báńkì ní.

Bàbá wá kọjú sí mi. “Ìwọ tí o ń ka ìwé. Kí ni ìwé wí nípa rẹ̀?”

Ìwé náà wà ní abíyá mi. Mo ti ka ojú ewé yẹn sétí Bọ̀dá ní Sátidé písítìn, kí Bàbá tó dìde lórí àga rẹ̀, ọfà àti fáànù, ó hàn gbangba níbẹ̀ pẹ̀lú àwòrán. Ìka mi wà lórí àwòrán náà nígbà tí Bọ̀dá ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan èmi, mo mi orí, bíi ti àwọn yòókù. Mo sọ fún Bàbá pé bó ṣe wí i gan-an ló wà nínú ìwé, mo sì tún mi orí.